Ajá mi kì í jẹun tí mi ò bá sí nílé, ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn o

ÌyáJáàkì_Kúbwà
Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà báyìí, òkú ìyá ìyá mi ló gbé wa wálé. Ọjọ́ kẹta rèé tá a ti kúrò ní Kúbwà, Jáàkì ajá mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Àbúrò ọkọ mi, Akọ́wé ni mò ń pè é, òun la fi ilé sílẹ̀ fún, ó ní òun se ìrẹsì, òun da ẹja gbígbẹ sí i, òun gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀, Jáàkì kàn gbóòórùn ẹ̀ ó yímú, ó lọ nà gbalaja sẹ́nu géètì, ó kọjú sí títì bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Omi nìkan ló ń lá, ìyẹn náà tó bá di alẹ́. Ajá lókálì ni o, ẹ má rò pé àwọn onírun gígùn yẹn ni, ọdún 4 ló ti wà lọ́wọ́ mi, tí mo bá wà nílé abọ́ kì í tíì kanlẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ á ti wà nínú ẹ̀. Ó ku ọjọ́ 5 ká tó padà. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ajá, pé ebi ò lè pa ajá kú nínú ilé tí oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí. Tiyín ń kọ́, kí lẹ máa ń ṣe sí i? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo mọ̀ yín.

Kọ́lá_Karu
Ẹ kú ìnáwó mà, ẹ̀yìn màmá á dáa. Ebi á kọ́ ọ jàre. Tèmi ṣe é lọ́jọ́sí, mo lọ fún kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ kan ní Kano, ẹ̀gbọ́n mi ní kò jẹun, mo ní kí wọ́n gbé abọ́ síwájú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, tí kò bá jẹ kí wọ́n gbé e kúrò, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ìpẹ̀, ó di àsìkò oúnjẹ tó kàn. Lọ́jọ́ kejì ó lá abọ́ dé ìdí. Ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ ni pé wọ́n á máa gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e káàkiri bí ọmọ ìkókó, tí ìrẹsì ò bá wù ú wọ́n á lọ ra súyà fún un. Súyà! Ajá wo ló tún máa jẹ ìrẹsì lẹ́yìn súyà?

ỌmọJos_Bukuru
Lọ́dọ̀ tiwa níbí ajá tí kò bá jẹun, wọ́n á jẹ òun fúnra ẹ̀ 😂 404, ẹran ajá, ti dé o

ÌyáJáàkì_Kúbwà
Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́.

ỌmọJos_Bukuru
Ẹ má bínú mà, eré ni. Ajá 3 ló wà nílé mi, mi ò sì jẹ ọ̀kankan nínú wọn rí.

Fẹ́tì_Gwagwalada
Ìyá Jáàkì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé àìsàn kúrò níbẹ̀ ká tó sọ pé àárò yín ló ń sọ ọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi tí wọ́n á gbé ajá wá pé àárò ọ̀gá ẹ̀ ni, tí n bá wá gbé ètè ajá náà sókè erìgì ẹ̀ á funfun bíi bébà. Ibà eégbọn ni. Eégbọn pọ̀ ní Abuja yìí, pàápàá tí òjò bá ti ń rọ̀ tí koríko ga, àìsàn tó ń kó ran ajá, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, àìjẹun sì wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ hàn. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbéra lọ Òṣogbo gan-an ló yọjú, ẹ̀yin á wá rò pé ìrìn àjò ló fà á.

Ẹ ní kí Akọ́wé gbé ètè ẹ̀ sókè kó wo erìgì, ó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú ètè tiwa. Kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á funfun, tó bá gbọ́wọ́ kúrò kó ka ení, èjì, àwọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti padà. Kó wo inú etí, kó wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kó ṣọ́ ọ tó bá fẹ́ tọ̀, tí ìtọ̀ ẹ̀ bá dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, mọ́tò ni kó wọ̀. Tó bá ní témọ́mítà, ihò ìdí ni wọ́n ń kì í bọ̀ fún ajá, kì í ṣe abíyá, 38 sí 39.2 kò sí ewu, ara ajá gbóná ju tiwa lọ, ìyẹn lẹ ṣe ń fọwọ́ kàn án tí ẹ ń pariwo ibà. Tí ẹ bá rí èébì léraléra, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tàbí ikùn tó wú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ajá àgbà tí ara ẹ̀ le lè fo oúnjẹ ọjọ́ kan tàbí méjì tó bá ti ń lá omi, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Tiyín ti di ọjọ́ kẹta, èmi ò ní í dúró mọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà fojú kàn án, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé àárò náà ni. Ọmọ ajá kékeré kò ṣeé fi ṣeré bẹ́ẹ̀ rárá, ṣúgà ara ẹ̀ á lọ sílẹ̀ kíá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní paracetamol tàbí ibuprofen pé ara ẹ̀ gbóná, ibuprofen ń ba inú àti kíndìnrín ajá jẹ́.

ÌyáJáàkì_Kúbwà
Dókítà mo dúpẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Akọ́wé lórí fídíò ni. Erìgì ẹ̀ pọ́n dáadáa, ibì kan dúdú níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ìtọ̀ ò yí padà. Eégbọn 3 ló rí nínú etí òsì. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn kíṣìnì Jáàkì gbé orí sókè, ó rí i pé kì í ṣe èmi, ó gbé orí ẹ̀ lélẹ̀ padà. Ẹ̀yin èèyàn, omi bọ́ lójú mi láàárín àwọn ẹbí, wọ́n rò pé ìyá àgbà ni mò ń sunkún.

Fẹ́tì_Gwagwalada
Dúdú yẹn kò ṣe nǹkan, ọ̀pọ̀ ajá ló ní in. Eégbọn 3 tí ẹ rí, èyí tí ẹ ò rí ń kọ́? Kí wọ́n gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

ỌmọJos_Bukuru
Mo fẹ́ fi kan kún un, mi ò ṣeré báyìí o. Akọ́wé ò gbọdọ̀ fi tipátipá ya ẹnu ajá yẹn kó máa ki oúnjẹ bọ̀ ọ́. Ajá tí kò jẹun, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ìwà ẹ̀ yí padà lójijì, ó lè jẹ́ dìgbòlugi, àwọn èèyàn á wá rò pé egungun ló há a lọ́fun, wọ́n á ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀. Vom ò jìnnà sí wa níbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèwádìí àìsàn ẹran láti 1924, wọ́n ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ajá níbẹ̀ pẹ̀lú, síbẹ̀ ẹ wá wo àdúgbò mi, ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ rí ló kún títì. Ṣé Jáàkì gbà á lọ́dún yìí mà?

ÌyáJáàkì_Kúbwà
Ó gbà á, káàdì ẹ̀ wà lórí fíríìjì. O ṣé, mo ti dárí jì ẹ́.

AlhajiGwarinpa
Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Kí dókítà rí i ló dáa jù, ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tí oúnjẹ náà gbà dé ọ̀dọ̀ ajá pẹ̀lú. Mègáàdì mi ọmọ Katsina ni, èèyàn dáadáa, ó ti pẹ́ tá a ti jọ wà. Èmi àtìyàwó mi lọ sí Ìlọrin fún Iléyá, a ní kó máa bọ́ ajá, ajá ò jẹ. A dé, ajá ti rù kan egungun, ìyàwó mi ní mègáàdì ló ń jẹ ẹran tá a fi sílẹ̀ fún ajá, ìjà fẹ́ bẹ́. Mo ní kó wá bọ́ ajá lójú mi kí n rí i. Kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fi ń kírun, èmi náà Mùsùlùmí ni, mo mọ ohun tó ń sá fún. Ó wá mú igi gígùn kan, ó ń fi ti abọ́ síwájú ajá láti ọ̀ọ́kán, bí ajá bá sún mọ́ ọn báyìí á sáré fà sẹ́yìn, igi yẹn á sì wà lókè. Ẹ rò ó wò, ajá tí wọ́n ń gbé igi sí láàárọ̀ lálẹ́, ṣé á bọ́ síbi abọ́ yẹn? Ó rò pé wọ́n fẹ́ nà òun ni.

Ẹjọ́ mègáàdì kọ́, àwa la ò bi í bóyá iṣẹ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo ra ṣíbí onígi gígùn, mo ra kẹ́tù àti ọṣẹ tó jẹ́ ti ajá nìkan, mo fún un ní jákẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ kan tí á máa wọ̀ tó bá fẹ́ bọ́ ajá, tó bá ti ṣe tán á bọ́ ọ, á fi kọ́ sẹ́yìn géètì. Mo kọ́kọ́ dúró tì í, tó ṣe díẹ̀ mo ń wò wọ́n látojú fèrèsé, nígbà tó yá mo wọlé lọ jókòó. Bí ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀ gbà. Ní báyìí tí ajá bá ti rí jákẹ́ẹ̀tì yẹn ló ti ń jùrù. Wàhálà tó kù ni pé ó ń tẹ̀ lé e dé ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá.

Kọ́lá_Karu
😂😂 Alhaji ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Jáàkì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù náà, kí Akọ́wé tan spíkà kí ẹ pe orúkọ ẹ̀.

ÌyáỌmọ_Lúgbè
Kọ́lá, o ò tíì rí nǹkan. Mo ṣe é láti Ìbàdàn, mo pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ajá dìde, ó wá mi lẹ́yìn fíríìjì, ó wá mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá mi nínú balùwẹ̀, nígbà tí kò rí mi ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ó hu títí aago 2 òru, àwọn aládùúgbò ń béèrè bóyá a ń pa á ni. Mo mọ àwọn tí tiwọn gbọ́ ohùn tó sì fara balẹ̀ o, mi ò bá wọn jiyàn, ti tèmi burú sí i ni. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ ṣe é nígbà tí ẹ ò tíì jìnnà, bíi kí ẹ wà lọ́jà Wuse, kì í ṣe láti ìlú mìíràn.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni aṣọ ìró mi. Èyí tí mo fi sùn fún bí ọjọ́ 3, mi ò fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ síbi tó ń sùn sí kí n tó lọ. Ẹ má lọ fọ̀ ọ́ o, òórùn ara yín ló ń wá, kì í ṣe òórùn ọṣẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ajá tó ń jẹ aṣọ, ẹ má dán an wò, aṣọ tó bá gbé mì lè dí ìfun ẹ̀, abẹ ni wọ́n á fi yọ ọ́.

BàbáẸlẹ́ja_SabonGari
Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ oòrùn. Kano níbí, láti March títí òjò á fi dé, ajá mi kì í jẹ nǹkan kan lọ́sàn-án, mo wà nílé o mi ò sí nílé o. Ẹni tí ẹ bá fi sílẹ̀ á sùn di aago 10, á gbé oúnjẹ síta nínú oòrùn ọ̀sán, eṣinṣin á bò ó, á wá pè yín pé ajá kọ̀. Aago 6 àárọ̀, aago 7 alẹ́, ó parí. Ẹ tún gbọ́, imú ni ajá kọ́kọ́ fi ń jẹun kó tó kan ẹnu, oúnjẹ tó ti inú fíríìjì jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn, ẹ gbé e kaná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ bu omi tí wọ́n fi bọ orí adìẹ tàbí ẹja sí i. Kó má sí àlùbọ́sà nínú ẹ̀, kó má sí Maggi, kó má sí ata. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí wọ́n ti sè, ẹ yọ ọ́ kúrò, ṣóńṣó ló máa ń fọ́. Àti pé tí NEPA bá mú iná lọ ọjọ́ méjì, ọbẹ̀ tó ti kan lẹ ń gbé fún ajá, ẹ̀yin fúnra yín ṣé ẹ á jẹ ẹ́?

Àdùkẹ́_Kaduna
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Tanímọ̀la ajá mi fún yín kí ẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí iṣẹ́ mi wà ní Abuja, màmá mi ló wà nílé ní Kaduna pẹ̀lú ẹ̀, ọjọ́ Ajé ni mo máa ń wọ rélùwéè lọ, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń padà. Lójoojúmọ́ ni màmá mi á pè mí, ajá yìí ò jẹun o, ajá yìí fẹ́ kú sí mi lọ́rùn o, mo ra fítámìn, mo ra dọ́ọ̀gì fúùdù olówó gọbọi, mo ní kí wọ́n gbàdúrà. Mo dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo fẹ́ dè é mọ́lẹ̀, bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀ ò dé ihò tó ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ajá tó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ 4, ó sanra! Mo sinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo fara pamọ́ sílé kejì, mo ń ṣọ́ ọ. Aago 7 kò tíì lù tó ti gba abẹ́ fẹ́ńsì jáde, ó kọjá títì, ó wo ọ̀tún wo òsì bí ọmọ ènìyàn, ó lọ jókòó sídìí màmá kan tó ń dín máàsà. Màmá ń ju èyí tó jóná fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń há a lẹ́nu. Mo sún mọ́ wọn, mo ní ajá mi nìyí, màmá ní "karena ne", ajá òun ni, ó ti fún un lórúkọ tiẹ̀, ajá mi sì ń dáhùn! Nítorí náà, kí Akọ́wé wo abẹ́ fẹ́ńsì.

ÌyáJáàkì_Kúbwà
Mo rẹ́rìn-ín dé ibi tí ikùn ń dùn mí. Simẹ́ńtì ni abẹ́ fẹ́ńsì wa, kò síbi tó lè gbà, ṣùgbọ́n Akọ́wé ti lọ wò ó.

Tósìn_Jabi
Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé tiyín lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ajá tọ́jú, ẹ lọ wo ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Mo gbé tèmi síbì kan, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, wọ́n ní ó ń jẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, wọ́n ń fi fọ́tò abọ́ ránṣẹ́ sí mi, abọ́ ni mò ń rí mi ò rí ẹnu. Ó dé pẹ̀lú ikọ́ àti eegun ìhà níta. Ibi tí wọn ò bá ti béèrè káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ yí mọ́tò padà, torí wọn ò béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì náà nìyẹn.

ÌyáJáàkì_Kúbwà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mo ti mú ìròyìn dé. Akọ́wé gbé e lọ láàárọ̀. Ara ẹ̀ ò gbóná, 38.7, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n yọ eégbọn 5 mìíràn lẹ́sẹ̀ ẹ̀ wọ́n sì kán oògùn sí i lẹ́yìn ọrùn. Dókítà wá ní kí Akọ́wé sọ bó ṣe ń bọ́ ọ. Ó ní òun á gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, òun á pè é, òun á wọ yàrá òun lọ. Dókítà ní ọ̀gá ẹ ń kọ́, báwo ló ṣe ń ṣe é? Akọ́wé ò mọ̀. Ó pè mí. Ẹ gbà mí gbọ́, èmi náà ò mọ̀! Ọdún 4, mi ò ronú kàn án rí. Ìgbà tí mo rò ó dáadáa ni mo rántí pé àpótí kan wà nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà tàbí já ẹ̀fọ́, tí mo bá gbé abọ́ Jáàkì kalẹ̀ màá jókòó lé àpótí yẹn, màá máa ṣe tèmi, òun náà á máa jẹ tiẹ̀. Kò jẹ oúnjẹ rí kí n má wà lórí àpótí yẹn.

Mo ní kí Akọ́wé gbé àpótí síbi tó máa ń wà. Ó se ẹ̀bà tiẹ̀, ó jókòó, kò wo Jáàkì, kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń jẹ ẹ̀bà ẹ̀. Ó ní òun jẹ tó òkèlè mẹ́fà kí òun tó gbọ́ ìró èékánná lórí táìsì, Jáàkì kúrò lẹ́nu géètì, ó wá dúró, ó gbóòórùn àpótí, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ òun, ó tẹ orí ba. Ó jẹ ìdajì. Mo pariwo, àwọn tó ń ṣe ìnáwó ní kí ló dé.

Kọ́lá_Karu
Ẹ ṣàánú mi, ọjọ́ kẹrin ni o. Ebi ló kọ́ ọ, mo ti sọ tẹ́lẹ̀.

Fẹ́tì_Gwagwalada
Kọ́lá, ebi kan náà ló wà ní inú ẹ̀ láàárọ̀ tó fi yímú. Ìyá Jáàkì, ẹ kú oríire. Kó má fi kún oúnjẹ náà lójijì, kó fún un ní díẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lónìí àti lọ́la, inú tó ti ṣófo lè dà á padà. Tó bá di ìrìn àjò tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa bọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ ṣì wà nílé, lẹ́yìn náà kí ẹ jáde fún wákàtí kan ní àsìkò oúnjẹ, kí ẹ jáde fún odindi ọjọ́, kí ẹ sùn síta lóru kan. Tí ẹ bá sì ń lọ, ẹ kàn lọ. Àwọn tó máa ń di ajá mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń sunkún, ojú yín ni ajá ń wò, òun náà á rò pé nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀.

ÌyáJáàkì_Kúbwà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti padà sí Kúbwà láti àná. Jáàkì fò mọ́ mi, ó sáré yí mọ́tò po bí ìgbà mẹ́wàá, ó tọ̀ sí báàgì ọkọ mi. Inú mi dùn, mo lọ se ìrẹsì, mo fi ẹran sí i, mo gbé abọ́ ẹ̀ kalẹ̀, mo jókòó lórí àpótí mi. Ó wò mí. Ó wo abọ́. Ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá Akọ́wé, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ọ́, àfìgbà tí Akọ́wé jáde tó bu ẹ̀bà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló tó jẹun. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́ ṣubú.

Létà ìpè NYSC Akọ́wé sì ti jáde, Kebbi ni wọ́n gbé e sí, ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n ń lò ní kámpù. Ẹ tún dúró dè mí o.